Inú Ìyá Mọrádékẹ́

"Ẹ gé e," ni ẹ̀rọ náà wí. "Dókítà, àkókò ti lọ. Ẹ gé e."

Dókítà Abọ́sẹ̀dé tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ikùn Alága Láníyọnu. Ó ti kó ìfun ọkùnrin náà jáde sórí àwo dígí tí ẹ̀rọ Aṣọ́fun fi ń mú nǹkan tutù, ìfun náà sì ti lọ́ mọ́ra bí aṣọ tí alágbàfọ̀ ń fún omi rẹ̀. Ibi tó ti lọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ti dúró. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ ti dúdú, ó ti wú, ó ń dán bí awọ ẹja àrọ̀. Òórùn tó ń ti ibẹ̀ jáde gba inú ìbòmú kọjá, ó jókòó sí i lórí ahọ́n.

"Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ni Aṣọ́fun tún wí, pẹ̀lú ohùn obìnrin jẹ́jẹ́ tí àwọn tó ṣe é fi sí i. "Òfin ní tí ìfun bá ti ju wákàtí kan lọ láìrí ẹ̀jẹ̀, kí ẹ gé e. Ṣé kí n gbé abẹ wá?"

"Dákẹ́ ná."

Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí ló dúró ní òdìkejì tábìlì. Ó fi ogún ọdún ju Abọ́sẹ̀dé lọ, ó sì ti wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ yìí kí wọ́n tó gbé Aṣọ́fun wá. Ó fojú wọn ohun tó wà lórí dígí.

"Tí ẹ bá gé e, Dókítà, báwo lèyí tó máa kù ṣe máa gùn tó?"

"Kò ní gùn ju apá mi yìí lọ."

"Wọ́n á máa ti iṣan ọwọ́ rẹ̀ fa oúnjẹ sí i lára títí yóò fi gbẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tí ẹ bá sì tú u láìgé e, á dà bíi Tíṣà Àsàbí."

Kò yẹ kó dárúkọ ẹni yẹn. Abọ́sẹ̀dé gbójú kúrò lára rẹ̀. Tíṣà Àsàbí ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní orin. Nígbà tí ìfun tirẹ̀ lọ́, Abọ́sẹ̀dé kò gé e, ó tú u. Ẹ̀jẹ̀ padà, ìfun náà pọ́n, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Lẹ́yìn ìyẹn, awọ inú ìfun bẹ̀rẹ̀ sí í já, bí ìwé tó jábọ́ sínú omi, ẹ̀jẹ̀ ń sun láti ibi gbogbo, òórùn rẹ̀ sì lé àwọn nọ́ọ̀sì kékeré jáde. Obìnrin náà kò rí ọ̀sán ọjọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí ló sọ ọ́ lọ́jọ́ náà pé ìfun yẹn dà bí ẹni tí ebi ti pa fún ọjọ́ méje, tí wọ́n wá gbé odidi ìkòkò oúnjẹ síwájú rẹ̀, tó rọ́ lù ú, tó sì fi kú. Àìsí ẹ̀jẹ̀ ṣe é léṣe lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó padà dé lójijì ló pa á. Ẹni méje ló ti kú bẹ́ẹ̀ ní Ìlú Àlà lọ́dún yẹn.

Ṣùgbọ́n apẹja kan wà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n fà á wá láti Ẹrẹ̀, ìyẹn àwọn abúlé orí omi tó wà lẹ́yìn odi ìlú, níbi tí àwọn èèyàn ṣì ń jẹ ohun tó kan, ohun tó ti bà, tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ lásán bu oúnjẹ. Wákàtí mẹ́fà ni ìfun tirẹ̀ ti dúdú. Abọ́sẹ̀dé kàn tú u sílẹ̀ ni, nítorí kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ará Ẹrẹ̀. Ìfun náà pọ́n, ó sì pọ́n lọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ọkùnrin náà dìde rìn, ó béèrè fùfú. Láti ọjọ́ náà ni Abọ́sẹ̀dé ti ń dán ohun kan wò lára àwọn eku, ní yàrá kan tó máa ń tì.

"Dókítà," ni Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "èyí tí ẹ fún àwọn eku..."

"Ẹ má sọ ọ́."

"Obìnrin kan wà ní yàrá ìdúró nísàlẹ̀. Ará Ẹrẹ̀ ni. Ọ̀la ni wọ́n ní ká fọnú rẹ̀, ká fọ ìfun rẹ̀ mọ́ tónítóní."

"Nọ́ọ̀sì, eku nìyẹn. Alága Ìgbìmọ̀ Ìmọ́tótó nìyí."

"Ìfun ò mọ̀ pé òun jẹ́ alága."

Abọ́sẹ̀dé wo ojú ọkùnrin tó sùn lọ náà. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun ètè rẹ̀, bí àwọn èèyàn pàtàkì ṣe máa ń kun ún kí kòkòrò má baà gba ibẹ̀ wọlé. Ó ní kí Aṣọ́fun mú àwo náà tutù sí i. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ẹ bá mi dúró tì í. Mò ń bọ̀."

Ọwọ́ olórí oníṣẹ́ abẹ, ìyẹn Abọ́sẹ̀dé, ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ìdúró máa ń wà. Bí Abọ́sẹ̀dé ti ṣílẹ̀kùn, òórùn kan kí i: ẹja yíyan, òógùn, àti ohun mìíràn lábẹ́ rẹ̀, ohun tó ki, tó dùn, tó sì rà. Irú ni. Wọ́n ti gba irú náà lọ́wọ́ obìnrin náà láti ìjẹta, àmọ́ òórùn rẹ̀ kò kúrò nínú aṣọ rẹ̀.  Abọ́sẹ̀dé di ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́ imú.

Obìnrin arúgbó náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ìyá Mọrádékẹ́ ni wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà. Mọrádékẹ́ ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ ará Àlà, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé oúnjẹ funfun Àlà tí kò ní irú nínú ń kọ́ òun lọ́fun. Inú gèlè ni ìyá rẹ̀ di irú náà sí. Ẹnubodè kò jẹ́ kó kọjá.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Ṣé àkókò ti tó ni? Ọ̀la ni wọ́n wí fún mi."

"Kì í ṣe ìyẹn, mà." Abọ́sẹ̀dé kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. "Mo wá tọrọ nǹkan ni."

"Kí ló kù lára mi tí ẹ ò tíì gbà?"

"Ìgbẹ́ yín ni, mà."

Ìyá náà wò ó. "Kí lo wí?"

"Ìgbẹ́ yín. Imí." Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà síta rí láyé rẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, wọ́n máa ń fi ọṣẹ fọ ẹnu ọmọ tó bá sọ ọ́.

Ìyá Mọrádékẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi fọwọ́ gbá ògiri mú. "Mo ti dàgbà lóòótọ́. Wọ́n ti tọrọ ẹja lọ́wọ́ mi, wọ́n ti tọrọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi fi ṣe aya. Ẹ ń tìtorí ìgbẹ́ mú wa, ẹ tún wá ń tọrọ rẹ̀!"

"Ẹnì kan ń kú lókè, mà. Ìfun rẹ̀ lọ́. Àwọn ohun tíntìntín kan ń gbé inú yín tí ojú kò lè rí. Ohun tí ẹ bá jẹ kù ni wọ́n ń jẹ, ohun tí wọ́n sì ń ṣe jáde ló ń mú awọ ìfun yín le. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dúró, tó bá tún padà dé, ìfun yín á fara dà á. Tiwa kò lè fara dà á. Wọ́n ti fọ gbogbo ohun tó ń gbé inú tiwa kúrò láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa."

"Ẹ wá fọ àwọn tó ń ṣọ́ yín dànù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ni ẹni tó ń kú?"

Ó lè purọ́. Ó tilẹ̀ ti la ẹnu láti purọ́. "Alága Láníyọnu ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá náà.  "Orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ìwé tí wọ́n kà sí mi létí. Pé kí wọ́n fọnú mi."

"Òun ni, mà."

"Ṣíọ̀!" Ó pa ìdí dà lórí bẹ́ǹṣì, ó kọjú sí ògiri. Abọ́sẹ̀dé rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ó bímọ?"

"Mẹ́rin."

"Hùn-ún." Ó yíjú padà sí Abọ́sẹ̀dé. "Obìnrin kan wà ládùúgbò mi tí ẹ fọ̀. Oúnjẹ kò dúró nínú rẹ̀ mọ́ títí a fi sin ín. Gbọ́ mi dáadáa. Màá fún ọ. Àmọ́ ẹ kò gbọdọ̀ fọ̀ mí, mo sì fẹ́ gbé ọmọ Mọrádékẹ́ lọ́wọ́ kí n tó padà sílé."

"Mo ṣèlérí, mà," ni Abọ́sẹ̀dé wí kíá. Kò ní agbára kankan láti mú un ṣẹ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ bó ti ń sọ ọ́ lẹ́nu.

"Gbé ike wá. Kí o sì kọ ẹ̀yìn sí mi."

Gbígbóná rẹ̀ ni Abọ́sẹ̀dé kò lè fara dà. Ó ti múra sílẹ̀ de òórùn, ó ti ki òwú bọ imú, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó máa ń gbóná. Ooru náà gba ara ike, ó gba inú ìbọ̀wọ́, ó dé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ooru ara ọmọ tuntun. Ní Àlà, oúnjẹ funfun tí ẹ̀rọ pò ni gbogbo wọn ń jẹ, ohun tó sì ń jáde lára wọn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹ̀rọ á ti fà á lọ kí èèyàn tó dìde. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni Abọ́sẹ̀dé, kò tíì rí ti ara rẹ̀ rí.

Ní yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó da omi iyọ̀ sí i, ó fi igi rò ó. Ó rí èèpo ẹ̀wà nínú rẹ̀. Ó rí hóró ata, odindi, pupa, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já a. Ibẹ̀ ni èébì ti gbé e. Ó bì sínú bàsíà, oúnjẹ funfun náà jáde bí ìgbà tó wọlé, ó tún bì, títí tí kò fi kù ju itọ́ kíkorò lọ. Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí wá dì í mú léjìká.

"Ẹ gbé e fún mi, kí n máa sẹ́ ẹ."

"Rárá. Ẹ padà sọ́dọ̀ rẹ̀."

Ó fi aṣọ mẹ́ta sẹ́ ẹ, ọ̀kan lé òmíràn. Nígbà tó fún aṣọ kẹta, díẹ̀ ta sí i lọ́rùn ọwọ́, lókè ibi tí ìbọ̀wọ́ parí sí. Ó dúró, ó ń wo àmì náà lára ara rẹ̀. Ó fẹ́ sunkún. Ó nù ún, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Omi aláwọ̀ ilẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ abọ́ kò ju ìwọ̀n ife kan lọ.

"Kí nìyẹn, Dókítà?" ni Aṣọ́fun béèrè bó ti gbé e wọlé. "N kò mọ̀ ọ́n."

"Oògùn ni."

"Kò sí nínú ìwé oògùn."

"Kọ ọ́ sí i."

 Abọ́sẹ̀dé fi abẹ́rẹ́ gígùn gún ìfun dúdú náà, ó ti omi yẹn wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi ìka pín in káàkiri. Wọ́n dúró. Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí ń ka iye ìgbà tí Alága mí. Nígbà tó pé igba, Abọ́sẹ̀dé di ìfun náà mú, ó tú u ní ìlàjì.

"Ẹ kà."

"Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta."

Ó tún fi ìka pa ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ náà dé. Bí wọ́n ṣe ń fún ẹni tí ebi ti pa lóúnjẹ nìyẹn, ṣíbí kan, kí a dúró, ṣíbí mìíràn. Ó ṣí i, ó pa á, ó ṣí i. Òógùn ń ṣàn sí i lójú, kò sì lè nù ún. Àwọ̀ dúdú náà yí padà di àwọ̀ àlùkò. Ní ìgbà kẹfà, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ kúrò.

Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìfun náà pọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé. Kò já, kò sì sun ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mira, ó fà bí ekòló tó jí, ohùn kan sì ti inú rẹ̀ jáde, kùrùrù, tí Abọ́sẹ̀dé fi ta sẹ́yìn.

"Kí nìyẹn?"

"Inú rẹ̀ ló ń kùn," ni Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí wí. Omi lé ròrò sí i lójú. "Ìyá ìyá mi ni mo gbọ́ ọ lára rẹ̀ gbẹ̀yìn."

Ní ọjọ́ kẹrin, Alága ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ mẹ́rin fi àga oníkẹ̀kẹ́ tì í dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Agbóòórùn, ẹ̀rọ tó máa ń gbọ́ òórùn èémí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé tàbí jáde, gbọ́ òórùn èémí rẹ̀, ó sì figbe ta. "Ẹ̀gbin! Ẹ̀gbin! Ẹ̀gbin!" Iná pupa ń tàn. Àwọn èèyàn tó tò lẹ́yìn rẹ̀ sá. Méjì nínú àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ náà sá pẹ̀lú wọn.

Nígbà tí Abọ́sẹ̀dé dé yàrá Alága, ọkùnrin náà ti padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ki òwú bọ imú ara rẹ̀. Yàrá náà ń rùn. Inú Alága Láníyọnu ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí inú èèyàn, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró.

"Ti ilẹ̀kùn," ló wí. "Kí lẹ fi sí mi nínú?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò yọ èèpo ẹ̀wà sílẹ̀. Ojú ọkùnrin náà wú, ó bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìbora, ó bì. Abọ́sẹ̀dé gbé bàsíà sí i lábẹ́ àgbọ̀n. Ó rò pé yóò pariwo, pé yóò ní kí wọ́n mú òun. Ọkùnrin náà nu ẹnu rẹ̀, ó fara ti ìrọ̀rí, ó ń ronú.

"Tí wọ́n bá fọ̀ mí ńkọ́?"

"Ìfun yín kò tíì jinná, sà. Tí wọ́n bá fọ̀ yín láàárín ọdún yìí, ó máa kú nínú yín."

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi àti Nọ́ọ̀sì Ìbíyẹmí. Àti ìyá náà."

"Wọn ò tíì fọ obìnrin yẹn?"

"Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ Afọnú bàjẹ́."

"O káre." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ní làákàyè. Gbọ́. Kí obìnrin yẹn má lọ síbì kankan. Ẹ wá yàrá tó dára fún un, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ máa fún un ní ohun tí wọ́n ń jẹ ní Ẹrẹ̀. Àwa mẹ́sàn-án la wà nínú Ìgbìmọ̀, kò sí ọmọdé nínú wa. Ìfun ẹnikẹ́ni lè lọ́. Ìwọ ni wàá máa bójú tó o. Tó bá sì ti di aláìsàn, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ mú òmíràn wá."

"Àwọn ará ìlú ńkọ́, sà?"

"Kí ni ká wí fún wọn? Àrùn onígbáméjì pa ìdajì ìlú yìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà, mo jókòó ti òkú ìyá mi nínú ìgbẹ́ rẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan. O kò mọ ohun tí mo mọ̀. A ti kọ́ wọn láti kórìíra ẹ̀gbin, ìkórìíra yẹn ló sì mú wọn wà láàyè. Tí a bá ní kí wọ́n wá gbé e mì, odi ìlú á wó lulẹ̀."

Abọ́sẹ̀dé gbọ́ ọ. Ó tilẹ̀ káàánú ọmọ ọdún mẹ́fà náà. "Tíṣà Àsàbí ì bá má kú," ló wí.

"Ta ni Tíṣà Àsàbí?"

Ọwọ́ Alága wà lórí aṣọ ìbora, ọwọ́ fífọ̀, èékánná rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó ń ta sánsán. Abọ́sẹ̀dé ń wò ó, inú rẹ̀ sì rú bó ti rú nídìí abọ́ náà, àmọ́ kò rí ohun tí yóò bì. Ìríra náà jókòó sí i láyà bí oúnjẹ tó há.

"Nǹkan kan ṣì kù," ni Alága ń wí lọ. "Olórí oníṣẹ́ abẹ lè tẹ orúkọ aláìsàn kan sínú Agbóòórùn kó má baà ké sí i ní ẹnubodè kankan. Èmi ni mo kọ òfin náà. Ẹnì kan ṣoṣo lọ́dún, kí ẹ̀yin dókítà má baà sọ ọ́ di ọjà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì ti wọlé, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ títí ọdún yóò fi yí po. Èmi alára kò lè yọ ọ́. Lọ tẹ̀ ẹ́ báyìí. Ilé ń wù mí."

"Ó dára, sà," ni Abọ́sẹ̀dé wí. "Mò ń lọ tẹ̀ ẹ́."

Ó rò ó bó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Tó bá gba ohun tí Alága wí, ìmọ̀ náà kò ní sọnù, ó lè máa yọ́ ọ fún aláìsàn mìíràn lábẹ́lẹ̀ tí Ìgbìmọ̀ kò bá mọ̀. Tó bá kọ̀, wọ́n lè lé e, wọ́n lè sun ìwé rẹ̀, kí gbogbo ẹni tí ìfun rẹ̀ bá lọ́ sì máa kú bó ti wà. Ó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó ṣílẹ̀kùn yàrá ìdúró, ó sì sọ ohun tí Alága wí fún ìyá náà.

"Kí n jókòó síbí, kí n máa yàgbẹ́ fún ẹni mẹ́sàn-án," ni Ìyá Mọrádékẹ́ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bí màlúù tí wọ́n so fún wàrà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ wá ńkọ́? Kí lo fi dá a lóhùn?"

Abọ́sẹ̀dé gbé gèlè rẹ̀ tó wà lórí bẹ́ǹṣì fún un. "Ẹ dìde, mà. Kí ni orúkọ yín gan-an?"

Mogbọ́njubọ́lá Orímisàn ni. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì di imú wọn, wọ́n sì di ọ̀nà. Abọ́sẹ̀dé tẹ àtàǹpàkò mọ́ ara Agbóòórùn, ó dárúkọ náà, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó lè yé ẹ̀rọ.

"Ẹnì kan ṣoṣo lọ́dún," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ṣé ó dá yín lójú?"

Abọ́sẹ̀dé kò gbé àtàǹpàkò kúrò. "Ó dá mi lójú."

Ìyá náà mí sí ẹnu ẹ̀rọ. Kò sí igbe. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wo ara wọn, wọ́n wo iná tí kò pọ́n, wọ́n sì yà kúrò lọ́nà, torí ohun tí Agbóòórùn bá gbà ni òfin gbà.

Ìyá Mọrádékẹ́ kọ́kọ́ kọjá, ó wá padà sẹ́yìn, ó dì mọ́ ọn. Abọ́sẹ̀dé sé èémí. Ìyá náà kò tètè tú ọwọ́. Ó ń gbá a lẹ́yìn, ó ń ṣàdúrà fún un, àdúrà náà sì gùn. Nígbà tó yá, èémí tán lára Abọ́sẹ̀dé, ó sì ní láti mí. Ó mí ẹja yíyan, òógùn àti irú. Inú rẹ̀ rú síbẹ̀. Ó tún mí.

"Ilé Mọrádékẹ́ kò jìnnà," ni ìyá náà wí. Ó tún gèlè rẹ̀ dì, ó sì ń lọ ní àárín ọ̀nà funfun náà, àwọn èèyàn ń yà fún un lọ́tùn-ún lósì.

Alága Láníyọnu ti wọ bàtà nígbà tí Abọ́sẹ̀dé padà wọlé.

"O ti tẹ̀ ẹ́?"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, sà. Orúkọ Ìyá Mọrádékẹ́ ni mo tẹ̀."

Kò kọ́kọ́ yé e. Abọ́sẹ̀dé rí i bó ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀, láti ojú dé ẹnu, dé ọwọ́ tó di aṣọ ìbora mú.

"Èmi wá ńkọ́?"

"Ó di ọdún tí ń bọ̀, sà. Àyàfi tí ẹ bá lè yí òfin náà padà. Àmọ́ ẹ ní láti sọ ìdí tí ẹ fi yí i fún gbogbo ìlú."

Ó pariwo. Ó ní òun yóò lé e, òun yóò jẹ́ kí wọ́n jù ú sí Ẹrẹ̀, kó lọ máa jẹ irú pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó pe àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, àmọ́ àwọn méjì tó kù ti jìnnà sí ilẹ̀kùn nítorí òórùn. Igbe náà dùn ún nínú egbò, ó sì dákẹ́, ó di ikùn mú.

"Ẹ lè lé mi, sà," ni Abọ́sẹ̀dé wí. Ó ti fọ ọwọ́, ó ń wọ ìbọ̀wọ́. "Ẹ sùn sẹ́yìn ná. Ó ti tó àkókò tí n ó pààrọ̀ báńdéèjì yín."

Ọkùnrin náà wò ó pẹ̀lú ìkórìíra, ó sì sùn sẹ́yìn. Abọ́sẹ̀dé ṣí aṣọ náà kúrò lójú egbò, ó tẹ̀ ba mọ́ ọn, ó sì ń wò ó fínnífínní bóyá ó ti ń jinná.